Láti Atọ́ka Bíbélì dé Ẹ̀rọ Ìṣàwárí: Ìtàn Wíwá Ọ̀rọ̀ Nínú Àkójọ Dátà àti Ipò Àmì Ohùn Yorùbá Nínú Rẹ̀

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá tẹ "oko" sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí láìfi àmì kankan sí i lè máa wá ibi tí àgbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ ọkọ tí ó fẹ́ obìnrin ni ó ń wá, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, tàbí ọkọ̀ tí ń kó èrò, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù. Lẹ́nu ẹni tí ń sọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí. Fáwẹ̀lì àti ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣàwárí, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ìṣòro yìí kì í ṣe àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ lójijì. Ó wá láti inú ìpinnu tí àwọn ènìyàn ṣe ní ìgbà àti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́, ohun tí ó yẹ kí á kà sí ìyàtọ̀, àti ohun tí a lè dà nù. Púpọ̀ nínú àwọn ìpinnu náà ni a ṣe nígbà tí ó jẹ́ pé èdè Látìn tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà níwájú àwọn tí ń ṣe wọ́n. Àròkọ yìí tọ ìtàn àwọn ìpinnu wọ̀nyí láti ọ̀rúndún kẹtàlá títí di òní, ó sì fi hàn pé ohun tí ó ń pa ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ̀ sójú kan kì í ṣe ọgbọ́n ìṣàwárí fúnra rẹ̀, bí kò ṣe bí a ṣe ń pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un.

Atọ́ka tí ó yí ìwé po

Ní ìlú Paris, láàárín nǹkan bí ọdún 1230 sí 1239, àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Dominic tí wọ́n ń gbé ní ilé Saint-Jacques ṣe iṣẹ́ ńlá kan lábẹ́ àkóso Hugh of Saint-Cher. Wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ inú Bíbélì èdè Látìn ní ìtẹ̀léra álífábẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kọ gbogbo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹ yọ sí iwájú rẹ̀. Nítorí pé a kò tíì pín Bíbélì sí ẹsẹ oní-nọ́ńbà nígbà náà, wọ́n pín orí kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méje, wọ́n sì fi lẹ́tà A dé G sàmì sí wọn. Oníwàásù tí ó bá ń wá ibi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa omi kò ní láti ka Bíbélì tán mọ́. Yóò ṣí atọ́ka, yóò rí ọ̀rọ̀ náà, yóò sì rí ìwé, orí àti lẹ́tà.

Ìyípadà tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí tóbi ju bí ó ti rí lójú lọ. Ìwé a máa sọ fún òǹkàwé pé, ní ibí yìí, àwọn ọ̀rọ̀ báyìí ni ó wà. Atọ́ka ní tirẹ̀ a máa sọ pé, ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ibi báyìí ni ó wà. Ó yí ìwé po. Títí di òní, ìpìlẹ̀ tí ẹ̀rọ ìṣàwárí dúró lé nìyẹn: kì í ka àwọn ìwé nígbà tí a bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kà wọ́n ṣáájú, ó ti to ọ̀rọ̀ wọn, ó sì ti kọ nọ́ńbà ìwé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èsì fi ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá.

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń fi Ifá wé kọ̀ǹpútà, nítorí pé ojú mẹ́jọ tí ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú tàbí kí ó dojúdé, ni ó bí odù 256. Òótọ́ wà nínú ìfiwéra náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ibi tí ó parí sí hàn. Odù tí ó bá yọ dà bí àdírẹ́sì. Láti orí àdírẹ́sì yìí ni babaláwo ti ń ki àwọn ẹsẹ tí ó wà níbẹ̀, ẹni tí ó wá dá Ifá a sì dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ̀ nínú wọn. Láti àdírẹ́sì sí ọ̀rọ̀ ni Ifá ń lọ. Láti ọ̀rọ̀ sí àdírẹ́sì ni atọ́ka àwọn ará Saint-Jacques ń lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ gbogbo ẹsẹ tí a ti dárúkọ ẹyẹ kan pàtó nínú odù 256 ní láti gbójú lé iyè inú àwọn babaláwo, àfi bí a bá kọ àwọn ẹsẹ náà sílẹ̀ tí a sì ṣe atọ́ka wọn. Ibi tí àkọsílẹ̀ Ifá bá ti di dátà nínú kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ àmì ohùn ti di dandan, nítorí pé láìsí ohùn, orúkọ ẹyẹ lè di orúkọ nǹkan mìíràn.

Káàdì Busa àti ọ̀rọ̀ kékeré

Ọ̀rúndún méje kọjá kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn. Roberto Busa, àlùfáà Jesuit ará Ítálì, ń ṣe ìwádìí lórí èrò Thomas Aquinas nípa wíwà-níbì-kan. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó gbé èrò náà ró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá kankan bí kò ṣe "in" ti èdè Látìn, tí ó súnmọ́ "ní" tàbí "nínú" lédè Yorùbá. Ọwọ́ ni ó fi kọ káàdì bíi 10,000 lórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Ní ọdún 1949 ó lọ bá Thomas J. Watson, olórí ilé-iṣẹ́ IBM, ní New York, ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ní ìlú Gallarate ni ó ń lu ihò sára káàdì lọ́pọ̀ ọdún. Láàárín ọdún 1974 sí 1980 ni a tẹ èso iṣẹ́ náà, Index Thomisticus, jáde ní ìdìpọ̀ 56.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn Busa tí àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Nígbà tí ìṣàwárí di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pátápátá, ó di àṣà láti yọ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kúrò nínú atọ́ka kí ààyè má baà kún. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Busa fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé kiri gan-an ni a kọ́kọ́ dà nù. Fún onímọ̀ gírámà Yorùbá tí ń ṣe ìwádìí lórí "ní", "sí", "ti" tàbí "fi", irú àkójọ dátà bẹ́ẹ̀ kò ní èsì kankan láti fún un.

Láti títọ́ka sí wíwọ̀n

Títọ́ka nìkan kò tó. Bí ìwé mílíọ̀nù kan bá ní ọ̀rọ̀ tí a ń wá nínú, èwo ni kí ó síwájú? Calvin Mooers ni ó fún ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1950. Ní England, Cyril Cleverdon àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Cranfield bẹ̀rẹ̀ sí í dán ọ̀nà ìtọ́ka wò láti ìparí àwọn ọdún 1950. Wọ́n kó ìwé jọ, wọ́n kó ìbéèrè jọ, wọ́n sì jẹ́ kí ènìyàn sọ ìwé tí ó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n méjì ni ó gbilẹ̀ láti ibẹ̀. Èkíní ń béèrè pé: nínú gbogbo ìwé tí ó yẹ, mélòó ni ẹ̀rọ rí? Èkejì ń béèrè pé: nínú gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kó wá, mélòó ni ó yẹ? Ẹ̀rọ tí ó bá kó gbogbo ìwé wá yóò gba máàkì tí ó pé nínú òṣùwọ̀n èkíní, yóò sì kùnà nínú èkejì.

Ní Amẹ́ríkà, Gerard Salton, tí a bí ní Nuremberg ní ọdún 1927, kọ́ ètò tí ó ń jẹ́ SMART ní Harvard, ó sì gbé e lọ sí Cornell ní ọdún 1965. Nínú ètò náà, ìwé àti ìbéèrè di òǹkà tí a lè fi wé ara wọn, tí ìwé tí ó bá súnmọ́ ìbéèrè jù a sì kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí kókó tí gbogbo ẹ̀rọ ìṣàwárí dìrọ̀ mọ́ títí di òní ni Karen Spärck Jones, obìnrin onímọ̀ ní Cambridge. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1972, ó fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó nínú àkójọ ni ó ṣe níye lórí tó nínú ìṣàwárí. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú gbogbo ìwé kò lè ya ìwé kankan sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìwé kan ṣoṣo ń nàka tààrà sí i. Stephen Robertson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní City University, London, ni wọ́n fi èrò yìí kọ́ ìlànà BM25 ní àwọn ọdún 1990.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbòòrò, àwọn èrò wọ̀nyí jáde kúrò nínú yàrá ìwádìí. Alan Emtage, ọmọ bíbí Barbados tí ó wà ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, ṣe Archie ní ọdún 1990 láti máa wá orúkọ fáìlì. AltaVista dé ní ọdún 1995, Google di ilé-iṣẹ́ ní ọdún 1998. Ní ọdún 1999 ni Doug Cutting gbé Lucene jáde, àkójọ kóòdù tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ láti kọ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí tirẹ̀. Ní ọdún 2001 ó bọ́ sábẹ́ ẹgbẹ́ Apache. Shay Banon ní tirẹ̀ fẹ́ ṣe ohun èlò tí ìyàwó rẹ̀, tí ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè ní London, yóò fi máa wá ìlànà oúnjẹ. Ìgbìyànjú náà ni ó bí Elasticsearch, tí ó kọ́ lórí Lucene, tí ó sì gbé jáde ní ọdún 2010. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé ìkówèésí, ilé ìwé ìròyìn àti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń lo Lucene tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé òǹkàwé mọ̀.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kí ìbéèrè tó dé inú atọ́ka

Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí ó ṣáájú títọ́ka. Ẹ̀rọ a gé gbólóhùn sí ẹyọ ọ̀rọ̀, a sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, a sì tún lè gé ọ̀rọ̀ dé ìdí rẹ̀, tàbí kí ó ṣí àmì kúrò lórí lẹ́tà. Ohun tí ó bá kù ni ó ń wọ inú atọ́ka. Bí ìbéèrè bá dé, ó yẹ kí á ṣe é bákan náà gẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbéèrè àti ìwé kò ní pàdé. Elasticsearch ní irú ìbéèrè kan tí ń gba inú iṣẹ́ ìpèsè yìí kọjá, ó sì ní òmíràn tí ń lọ bí ó ti rí láìyí padà. Ẹni tí ó bá fi irú kejì wá "Èkó" nínú àyè tí a ti sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré kò ní rí nǹkan kan, bí ìwé nípa Èkó tilẹ̀ kún inú àkójọ náà.

Ètò ìpèsè tí a ti tò sílẹ̀ wà nínú Elasticsearch fún èdè tí ó lé ní ọgbọ̀n. Basque, Galician, Irish àti Latvian wà níbẹ̀, bí àwọn tí ń sọ wọ́n kò tilẹ̀ tó àwọn tí ń sọ Yorùbá. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kó ìwé Yorùbá jọ a máa lo ètò gbogboogbò, a sì sábà máa fi ìlànà tí ń ṣí àmì kúrò kún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í tẹ àmì nígbà tí wọ́n bá ń béèrè.

Àmì ohùn nínú àkọtọ́ àti nínú kọ̀ǹpútà

Àríyànjiyàn lórí àmì kò bẹ̀rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London ní ọdún 1843, ni a ti ń jiyàn lórí bí ó ṣe yẹ kí á kọ èdè náà sílẹ̀. Ìpàdé Èkó ti ọdún 1875 gbé e yẹ̀ wò. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 tún un ṣe. Àtúnṣe ọdún 1974 náà dá ogiri mìíràn sílẹ̀ láàárín òǹkàwé òde òní àti ìwé àtijọ́. "Aiye" di "ayé", "ẹiyẹ" di "ẹyẹ", "nwọn" di "wọ́n", "yio" di "yóò". Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi "ayé" wá inú àkójọ ìwé ìròyìn ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún lè gbà pé àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà kò sọ̀rọ̀ nípa ayé rárá.

Nígbà tí ètò Unicode bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1991 láti fún gbogbo lẹ́tà àgbáyé ní nọ́ńbà, ọ̀nà àti kọ Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. "Ẹ", "ọ" àti "ṣ" ní nọ́ńbà tiwọn. "Ẹ́" àti "ọ̀" kò ní. Lẹ́tà àti àmì tí a so mọ́ ọn ni a fi ń kọ wọ́n. Ẹnìkan lè kọ "ọ" kí ó tó fi ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè kọ "ò" kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀, ẹ̀rọ ni ó ń rí i. Unicode ní ìlànà tí ń sọ irú àwọn àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ ẹ̀rọ ìṣàwárí ni ó gbọ́dọ̀ rántí láti lò ó. Ìlànà náà kò sì lè ran ẹni tí ó fi ìlà òró kékeré sí abẹ́ lẹ́tà dípò tóótó lọ́wọ́: àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Unicode ka méjèèjì sí.

Ìlànà ìṣíǹmì tí ó wọ́pọ̀ nínú Lucene náà ní ìkùnà tirẹ̀. Lẹ́tà tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ ni ó mọ̀. Ó ń sọ "ọ" di "o", ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan àmì ohùn tí a so mọ́ ọn. Bí "ọkọ̀" bá gba inú rẹ̀ kọjá, àmì abẹ́ yóò lọ, àmì ohùn yóò sì kù: ó di "okò", tí kì í ṣe ohun tí òǹkọ̀wé kọ, tí kì í sì í ṣe "oko" tí òǹkàwé tẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan

Kí á gbà pé ìwé mẹ́ta péré ni ó wà nínú àkójọ kan, tí gbólóhùn kan ṣoṣo sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé 1: "Ọkọ Àdùkẹ́ lọ sí oko." Ìwé 2: "Àgbẹ̀ gbé ọkọ́ lọ sí oko." Ìwé 3: "Ọkọ̀ gbé àgbẹ̀ lọ sí ìlú."

Bí àmì bá pé nínú atọ́ka, "ọkọ" ń tọ́ka sí ìwé 1, "ọkọ́" sí ìwé 2, "ọkọ̀" sí ìwé 3, "oko" sí ìwé 1 àti 2. "Lọ" àti "sí" wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá wá "ọkọ̀" yóò rí ìwé 3 nìkan, ohun tí ó ń wá gan-an sì nìyẹn.

Bí a bá ṣí gbogbo àmì kúrò, "oko" ni ó kù, ó sì wà nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìrísí ìṣirò Spärck Jones tí ó wọ́pọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́, níbi tí a ti ń pín iye gbogbo ìwé pẹ̀lú iye èyí tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ kí a tó wá lógáríìmù rẹ̀, ìwọ̀n "oko" di òdo. Nínú BM25 tí Lucene ń lò, ìwọ̀n "ọkọ̀" tí a ń wá já láti nǹkan bí 0.98 sí 0.13. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ó ní ìtumọ̀ kíkún ti di ọ̀kan tí kò níye lórí ju "lọ" àti "sí" lọ. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ìwé 1 àti 2 ní "oko" nínú lẹ́ẹ̀méjì. Ìwé 3 ní i lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá ọkọ̀ tí ń gbé èrò yóò kọ́kọ́ rí ọkọ Àdùkẹ́, yóò rí àgbẹ̀ àti ọkọ́ rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo tí ó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ni yóò sì gbẹ̀yìn. Ìwé mẹ́ta kò ṣòro kà tán. Nínú ìwé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ohun tí ó gbẹ̀yìn ti sọnù.

Ohun tí ó ṣeé ṣe

Ìtàn yìí kò fi dandan lé e pé kí á yan ọ̀kan nínú méjì. Ẹ̀rọ tí a kọ́ sórí Lucene lè ṣe atọ́ka gbólóhùn kan náà ní ọ̀nà púpọ̀: èkíní pẹ̀lú gbogbo àmì, èkejì pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan, ẹ̀kẹta láìní àmì kankan. Ìbéèrè yóò lọ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ó bá bá àmì mu pátápátá yóò sì gba ìwọ̀n tí ó ga jù. Ẹni tí kò ní àmì lórí fóònù rẹ̀ yóò rí èsì. Ẹni tí ó fi àmì sí i yóò rí ohun tí ó sọ gan-an. Fún àkọtọ́ àtijọ́, a lè fún ẹ̀rọ ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó dọ́gba, kí "aiye" àti "ayé" lè máa pè ara wọn. Fún ìpajẹ, níbi tí "ṣe iṣẹ́" ti di "ṣiṣẹ́", tí "ní ilé" ti di "nílé", iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni. Ẹ̀rọ kò lè dá a ṣe.

Àwọn olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀ apá kan nínú rẹ̀. Ní ọdún 2018, Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kọ láìní àmì. Yorùbá wà lára èdè 18 tí ó wà nínú MIRACL, àkójọ ìdánwò ìṣàwárí tí a fi ìwé Wikipedia ṣe: ìbéèrè, ìwé, àti ìdájọ́ ènìyàn lórí èyí tí ó dáhùn, gẹ́gẹ́ bí Cleverdon ti là á sílẹ̀ ní Cranfield. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun tí a kò bá wọ̀n, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ó ti kùnà.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn ará Saint-Jacques mọ èdè tí wọ́n ń ṣe atọ́ka rẹ̀. Busa mọ̀ ọ́n dé orí ọ̀rọ̀ tí ó kéré jù. Nígbà tí iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ ni ó ṣeé ṣe láti ṣe atọ́ka èdè tí ẹni tí ń ṣe é kò gbọ́. Ibẹ̀ ni Yorùbá ti bá ara rẹ̀ nínú ètò tí ó ka ohùn sí ẹ̀ṣọ́ tí a lè bọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ Yorùbá kò ju pé kí wọ́n wà níbi tí a ti ń ṣe ìpinnu nípa ẹyọ ọ̀rọ̀, nígbà tí ilé ìkówèésí tàbí yunifásítì bá ń gbé ìwé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tí a fi ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jiyàn lé lórí bí a ó ṣe kọ ọ́ kò yẹ kí ó sọnù lọ́wọ́ ìlànà ìṣíǹmì tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò. Ìwé tí a kọ tí a tẹ̀, tí ẹni tí ń wá a kò sì lè rí, kò sàn púpọ̀ ju èyí tí a kò kọ lọ.